Èsì àyẹ̀wò HIV: ẹni tí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ni ín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo fẹ́ kí ẹ fún mi láàyè díẹ̀ láti sọ̀rọ̀ lórí ìwé kan tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń gbà lọ́wọ́ àwọn àfẹ́sọ́nà kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, èyíinì ni ìwé èsì àyẹ̀wò HIV, kòkòrò tí àwọn kan ń pè ní apa-sójà-ara. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ènìyàn ni mo fẹ́ sọ. Ọwọ́ mi ni púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà ti jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí àwọn ọmọ wa má ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó fẹ́ra. Kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n sì tètè ṣe é, kí ó má jẹ́ pé ìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ti pín aṣọ ẹbí, tí wọ́n ti sanwó gbọ̀ngàn, ni ẹnì kan yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa na apá fún abẹ́rẹ́. Ohun tí mo ń bá jà ni ọwọ́ tí èsì náà kọ́kọ́ ń bọ́ sí, àti bóyá ẹni tí a fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ní àǹfààní láti sọ pé òun kò ṣe.

Ní ọdún 2003, ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá sí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìjọ wọn ti fún wọn ní ìwé pélébé kan tí wọ́n tẹ orúkọ àyẹ̀wò mẹ́ta sí: jẹ́nótáìpù, oyún, HIV. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí a fi èsì sínú àpòòwé, kí a lẹ̀ ẹ́ pa, kí a sì kọ orúkọ alága ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó sí i lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó jókòó ti àwọn ọmọ náà láti ṣàlàyé ohunkóhun fún wọn, èmi náà kò sì ṣe é. Mo so rọ́bà mọ́ wọn lápá, mo gba ẹ̀jẹ̀, mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, àwọn kọ́ ni wọ́n wá. Bàbá kan tó wọ kóòtù, tó ní ìgbìmọ̀ ló rán òun, ló wá. Mo wo ìwé tó mú dání, mo kó àpòòwé méjèèjì lé e lọ́wọ́, mo tún kí i pé ẹ kú iṣẹ́ Olúwa.

Nínú àpòòwé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé, bàbá ìyàwó ti mọ̀, ẹgbẹ́ akọrin ti mọ̀, ẹni tó ni ara nìkan ni kò tíì mọ̀. Ẹnu ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, níbi tó ti gbé káàdì ìpè lọ fún wọn pé kí wọ́n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá bá mi lọ́jọ́ Ajé. Kò pariwo. Ó kàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀jẹ̀ ta ni ẹ gbà?” N kò rí èsì kankan fọ̀ fún un.

Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣe àyẹ̀wò náà. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí fi ìlà méjì hàn. Àkọ́kọ́, tó kàn ń fi hàn pé ìwé náà ṣiṣẹ́, hàn ketekete, èkejì, tó ń sọ pé kòkòrò wà, sì ṣe fẹ́ẹ́rẹ́ débi pé mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé kí n tó rí i dáadáa. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́. Ìlànà tí wọ́n wá fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀ lé ní Nàìjíríà ni pé ohun èlò àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Determine ni a ó kọ́kọ́ fi wò ó. Bí ó bá sọ pé kòkòrò wà, a ó tún fi Uni-Gold wò ó. Bí méjèèjì bá takora, Stat-Pak ni yóò là wọ́n. Ẹ̀yìn ìyẹn ni a tó lè la ẹnu sọ fún ènìyàn pé ó ní in. Èmi kọ “ó wà” sórí ìwé nítorí pé ìgbìmọ̀ ń kánjú, mo sì rò pé bí ọmọ náà bá padà wá, a ó tún un ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ajé yẹn pé kí ó jẹ́ kí n tún un ṣe. Ó ní òun yóò padà wá. Wọ́n ní ó kúrò ní Ìbàdàn kí oṣù náà tó parí.

Àwọn òfin méjì kan wà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù, tí a ń fi ọdún 2014 pè. Àkọ́kọ́ ni èyí tó dènà dídẹ́yẹ sí àwọn tó ní HIV. Ó sọ pé agbanisíṣẹ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan tàbí àjọ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí ènìyàn ṣe àyẹ̀wò HIV, tàbí kí ó sọ ipò tí ó wà, kí ó tó lè rí iṣẹ́ tàbí kí ó tó lè jẹ àǹfààní kan, àfi bí ọ̀gá ìlera tó mọ iṣẹ́ bá rí i pé àìṣe àyẹ̀wò náà yóò fi ẹlòmíràn sínú ewu gidi. N kò rí bí ìjọ yóò ṣe yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ “àjọ” yẹn. Èkejì ni òfin ìlera orílẹ̀-èdè, tó sọ pé bí ara ènìyàn ṣe rí, ìtọ́jú tó ń gbà, àní wíwà tó wà ní ilé ìwòsàn pàápàá, àṣírí ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ síta àyàfi bí ẹni náà bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, tàbí kí kóòtù tàbí òfin pa á láṣẹ, tàbí kí ó jẹ́ ọmọdé tí òbí rẹ̀ béèrè, tàbí kí pípa á mọ́ jẹ́ ewu ńlá fún ìlera gbogbo ìlú. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 tún ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Mo mọ ohun tí àwọn ìgbìmọ̀ yóò sọ. Wọn yóò ní àwọn ọmọ náà fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Lóòótọ́ ni, mo rí irú ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé bírò lé ọ lọ́wọ́ nínú ọ́fíìsì pásítọ̀, tí déètì ìgbéyàwó ti wà nínú ìwé ìkéde, tí o sì mọ̀ pé bí o bá kọ̀, ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e ni “kí lo ń fi pamọ́?”, ìfọwọ́sí wo nìyẹn? Ẹni tí kò bá lè sọ pé rárá kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé kóòtù kò bìkítà, ẹ rántí ẹjọ́ obìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì olùrànlọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó. Ní ọdún 1995, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe fún un, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí èsì HIV jáde. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù ní ọdún 2000. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, adájọ́ kan kò gbà kí ó wọ inú kóòtù wá jẹ́rìí, nítorí ìbẹ̀rù pé ó lè kó àrùn ran àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìyẹn ná. Ọdún 2012 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà tó dá a láre: wọ́n ní lílé tí wọ́n lé e kò bófin mu, wọ́n ní gbígba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn fún àyẹ̀wò HIV láìgba àṣẹ rẹ̀ kò bófin mu bákan náà, wọ́n sì bu mílíọ̀nù méje náírà fún un. Ọdún mẹ́tàdínlógún ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn.

Àwọn mìíràn máa ń fi ti Fẹlá bá mi jiyàn. Wọ́n ní ṣebí ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, nígbà tí Fẹlá kú, gbangba ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ti jókòó síwájú àwọn oníròyìn, tó sì sọ pé éèdì ló fa ikú àbúrò òun, ọ̀rọ̀ náà sì la ọ̀pọ̀lọpọ̀ lójú. Bẹ́ẹ̀ ni, ó là wá lójú; èmi náà wà lára àwọn tó là lójú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ni, ó sì ṣojú ẹbí. Kì í ṣe ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ Fẹlá ló sáré lọ bá oníròyìn. Àṣírí tí onílé ṣí fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àlejò jí gbé.

Ìbéèrè tó lágbára jù lọ ni ti ìyá tó máa ń bi mí pé, “Ṣé kí ọmọ mi wá wọlé ọkọ láìmọ̀ ni?” Rárá o. Ọ̀nà wà, ó sì ti wà tipẹ́: kí àwọn méjèèjì jọ wọ yàrá ìgbaninímọ̀ràn lẹ́ẹ̀kan náà, kí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wọn pé wọn yóò jọ gbọ́ èsì ni, kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ kí a tó kan abẹ́rẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì jọ jókòó gbọ́ ọ. Bí ọ̀kan bá kọ̀ láti jọ wọlé, èkejì ti gbọ́ ohun tó yẹ kí ó gbọ́ nípa ẹni tó fẹ́ fẹ́, láìsí ìgbìmọ̀ kankan níbẹ̀. Ohun tó kan pásítọ̀ ni kí ó bi wọ́n pé “Ṣé ẹ ti lọ?” Kò kàn án láti béèrè pé “Èsì dà?”

Àti pé ìwé tí ìgbìmọ̀ ń kó pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ kò sọ tó bí wọ́n ṣe rò. Ẹni tí kòkòrò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn lè ṣe àyẹ̀wò lónìí kí ìwé sọ pé kò sí nǹkan kan, nítorí pé ara rẹ̀ kò tíì pèsè ohun tí àyẹ̀wò náà ń wá. Ẹni tí ìwé sì sọ pé ó ní in, bí ó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí tí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà ká mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ó sì wà bẹ́ẹ̀, kò lè kó o ran aya tàbí ọkọ rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀. Èwo nínú àlàyé yìí ni alága ìgbìmọ̀ yóò rí kà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo kọ sínú àpòòwé?

Kì í ṣe ìjọ nìkan ni mo ń bá wí. Ní ilé ìwòsàn aláboyún, ìlànà ni pé kí a sọ fún obìnrin kọ̀ọ̀kan pé àyẹ̀wò HIV wà lára ohun tí a ó ṣe fún un, kí a sì sọ fún un pé ó lè kọ̀ ọ́, tí ìtọ́jú rẹ̀ kò sì ní tìtorí bẹ́ẹ̀ dúró. Apá àkọ́kọ́ la máa ń sọ. Apá kejì, ọ̀fun wa máa ń gbẹ kí a tó dé ibẹ̀. Mo ti rí rẹ́jísítà tó ṣí sílẹ̀ gbayawu lórí tábìlì, tí wọ́n fi bírò pupa kọ orúkọ àwọn kan, tí ẹni tó wá gba ìwé ìtọ̀ sì ń kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Mo ti gbọ́ nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ké pé, “Àwọn tó wá gba oògùn ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ bọ́ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn!” Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé oògùn HIV ni wọ́n ń gbà lọ́lọ́sẹ̀ mẹ́jọ nígbà yẹn. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn fi ń wọ ọkọ̀ lọ gba oògùn ní Òṣogbo, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, tí ó sì jẹ́ pé oṣù tí owó ọkọ̀ bá wọ́n, kò ní lọ. A wá ń jókòó sí ọ́fíìsì, a ń kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìsàn kò fọwọ́ pàtàkì mú ìtọ́jú rẹ̀.

Ó kan ẹ̀yin oníròyìn náà díẹ̀. Ẹ dákun, ẹ bá wa fi orúkọ náà “kògbóògùn” sílẹ̀. Ó ní ìdí nígbà tí a kọ́kọ́ ń lò ó. Àìsàn tí ènìyàn ń lo oògùn kan lójúmọ́ sí, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń bímọ tí kò ní in, ó ti gbọ́ oògùn, bí oògùn náà kò tilẹ̀ tíì wò ó tán.

Bí ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó kankan bá ń ka lẹ́tà yìí, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìlà kan lọ lórí fọ́ọ̀mù wọn. Kí wọ́n pa ìlà tó ní kí a fi èsì ránṣẹ́ sí alága rẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwòsàn tí àwọn àfẹ́sọ́nà lè lọ fún ìmọ̀ràn sí ipò rẹ̀. Èyí tó bá sì ti wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn láti ọdún mélòó kan wá, kí wọ́n pe àwọn tó ni ín, kí wọ́n dá a padà fún wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi tàbí orúkọ ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ síta. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù. Bí ẹ bá ti kọ ọ́, ẹgbẹ́ akọrin ọjọ́sí yóò mọ ọkùnrin tí mò ń sọ, n kò sì tíì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.