Ike ti gun òkè tí ẹsẹ̀ wa kò dé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ọ̀rá àti ike tó ń dí gọ́tà àwọn ìlú ńlá wa, òótọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni n kò ti gbà: ibi tí ẹ ti ní ilẹ̀ tó jìnnà sí ìgboro, pàápàá ilẹ̀ orí òkè, ṣì mọ́ tónítóní. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Àgbẹ̀ kòkó ni mí ní Ìdànrè, abẹ́ àpáta ni wọ́n bí mi sí.

Lóṣù tó kọjá, mò ń gbẹ́ ìdí igi kòkó kan tí ewé rẹ̀ ń rọ. Ọkọ́ mi kan nǹkan dúdú. Àṣé ọ̀rá tí wọ́n fi tọ́ ọmọ kòkó náà ni, èyí tó yẹ ká ti ya kúrò lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbìn ín. Gbòǹgbò ti gba inú rẹ̀ kọjá. Apá tó wà nísàlẹ̀ ṣì le bíi tàná, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ tó yọ síta, tí oòrùn ti ń pa láti ọdún pípẹ́ wá, fọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ. Mo kúnlẹ̀ mò ń ṣà á. N kò lè ṣà á tán. Afẹ́fẹ́ fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lọ lójú mi. Níbi tí a ti ra ọmọ kòkó yẹn, ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé ká kó ọ̀rá rẹ̀ padà wá.

Níbo ni èyí tó fò lọ yẹn ń lọ? Ọmọ mi ló bá mi wá ìdáhùn, kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn òkè kan wà láàárín ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì tí wọ́n ń pè ní Pyrenees. Àwọn onímọ̀ kan, Steve Allen, Deonie Allen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé ohun tó ń gba òjò àti eruku sí ibì kan tó dá wà lórí òkè yẹn fún oṣù márùn-ún. Ní 2019 wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde: lójoojúmọ́, èérún ike bíi 365 ló ń bọ́ sórí ilẹ̀ tí kò ju mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ lè ti gbé òmíràn nínú rẹ̀ wá láti ibi tó jìnnà tó kìlómítà 95. Àwa tí ọyẹ́ ń gbé eruku Sàhárà wá bá lórí àga ní pálọ̀ lọ́dọọdún, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa láti gbà.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, Michael Scheurer àti Moritz Bigalke ti Yunifásítì Bern ti wa ilẹ̀ àkùrọ̀ etí odò ní ibi 29 ní Switzerland, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba ń dáàbò bò. Ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ike nínú, títí kan ti orí òkè tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Kódà lórí Everest, òkè tó ga jù lọ láyé, ní ibi tó ga tó mítà 8,440, àwọn onímọ̀ mìíràn rí ike nínú yìnyín, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ òwú aṣọ pọlíẹ́sítà.

Ẹni tó bá sọ pé kí ni èyí fi ṣe ilẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ekòló ni alágbàṣe wa tí kì í gba owó: òun ló ń tú ilẹ̀, òun ló ń la ọ̀nà fún omi. Ní Wageningen ní ilẹ̀ Netherlands, àwọn onímọ̀ po ike kíkúnná mọ́ ewé tí ekòló ń jẹ, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Níbi tí ike ti pọ̀, ekòló tó kú pọ̀ sí i, àwọn tó yè kò sì dàgbà bó ṣe yẹ. Lóòótọ́, ike tí wọ́n lò pọ̀ fíìfíì ju èyí tí afẹ́fẹ́ ń dà sórí òkè lọ. Ṣùgbọ́n ti orí òkè kì í dáwọ́ dúró, kò sì sí ẹni tó ń gbá a. Ekòló tún máa ń gbé e wọnú ihò rẹ̀ lọ, ibi tí oòrùn kò ti lè rí i mọ́.

Ilẹ̀ orí òkè tó tutù sì fẹ́lẹ́. Ewé kì í tètè jẹrà níbẹ̀, erùpẹ̀ tí kò nípọn ju ìka kan lọ lè gba ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó di ilẹ̀. Àwọn ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ kò pọ̀, bí díẹ̀ bá kú, a kò ní tètè rí arọ́pò wọn. Ibẹ̀ náà ni odò ńlá ti ń ṣàn wá: orí òkè Switzerland ni Rhine àti Rhône ti pilẹ̀.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju méjì lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn yín, kí àwọn tó ń tọ́ ọmọ kòkó tà máa gba ọ̀rá wọn padà, kí àwa àgbẹ̀ sì máa ya á kúrò pátápátá kí á tó gbìn ín, ká má sì dáná sun ún sínú oko. Èkejì, ẹ bá wa bẹ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, kí wọ́n wá bu erùpẹ̀ lórí òkè wa, níbi ìlú àtijọ́ tí àwọn bàbá wa gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí àwọn ará Bern ṣe yẹ tiwọn wò. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹni tí yóò mú wọn gun àtẹ̀gùn yẹn, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà mi. Ẹsẹ̀ mi ṣì le.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ kòkó kan,
Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.