Àjọkẹ́, Ọlọ́run kì í ṣe alájọ

Àjọkẹ́ mi,

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kò jẹ́ kí n sùn. O ní o kì í gba rìbá níbi iṣẹ́, o ń san ìdámẹ́wàá, o ń gbààwẹ̀. Ẹni tó ń gba rìbá ti ra mọ́tò, ìwọ ṣì ń wọ dánfó. O wá ní, "Màámi, kí wá lèrè ẹ̀?"

Mi ò bínú. Èmi náà ti bi Ọlọ́run bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta gàrí ní Bódìjà, ẹni tí ìsọ̀ wa jọ kángun síra máa ń fi òòlù lu ìdí kóńgò tirẹ̀ wọnú. Tó bá wọn mẹ́wàá fún ọ, o ó délé, o ó bá mẹ́sàn-án. Èmi ò lu tèmi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn oníbàárà o! Ọ̀run àpáàdì ló ń bà mí lẹ́rù, mo sì ń retí kí Ọlọ́run fi ṣọ́ọ̀bù san án fún mi. Ìgbà tí òun ṣáájú mi gba ṣọ́ọ̀bù, díẹ̀ ló kù kí n lọ wá òòlù.

Àjọ ni mo ń dá lọ́dọ̀ Ọlọ́run, mo ń retí ọjọ́ kíkó. Ohun tí Sátánì sì fẹ̀sùn rẹ̀ kan Jóòbù gan-an nìyẹn, pé kò lè bẹ̀rù Ọlọ́run lásán.

Ṣí Ẹ́kísódù 20. Gbogbo wa la máa ń sáré lọ síbi "ìwọ kò gbọdọ̀", a ó fo ẹsẹ kejì, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé òun lòun mú wọn jáde ní Íjíbítì, kúrò lóko ẹrú. Ó ti yọ wọ́n tán kó tó fún wọn lófin. Jésù náà ti kú fún mi kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ ìdí kóńgò. Ọjọ́ tí èyí yé mi, mo ṣíwọ́ ìṣirò. Mo wá ń rí ọmọ kékeré tí wọ́n ní kó wá ra gàrí, tó di owó mọ́ àtẹ́lẹwọ́, tí kò mọ kóńgò tó pé yàtọ̀ sí èyí tí kò pé. Ẹni tó gbà mí ló ni ọmọ yẹn.

Bíbélì sọ̀rọ̀ èrè, ó sì sọ ti ìdájọ́; mi ò yọ ìkankan kúrò. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí mọ́tò fún ọ.

Awakọ̀ yóò gbé àpò gàrí kan wá lọ́jọ́ Sátidé. Kóńgò mẹ́wàá ni, mo sì fi ènì sí i. Wọ̀n ọ́n wò tó o bá fẹ́.

Màámi rẹ