Òtútù kọ́ ló ń bá fẹ́sípà rẹ jà

Òkè-Fíà,
Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá.

Akínwálé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Ọyẹ́ ti dé síbí náà. Ètè gbogbo ayé ti ń bó, eruku sì ti bo òrùlé láti Ọláìyá títí dé Ayétòrò. Ṣùgbọ́n eré ni ọyẹ́ tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí o kọ, pé o ń gun fẹ́sípà lọ síbi iṣẹ́ ní Leeds, nílẹ̀ Bìrìtéènì, ní ìdájí, tí omi ti dì sójú títì. (Mo mọ̀ pé kì í ṣe Vespa gan-an lo rà. Gbogbo irú ẹ̀ la ṣáà ń pè ní fẹ́sípà níbí.)

O ní kì í fẹ́ jí láàárọ̀ mọ́, pé ó kàn ń dún tí-tí-tí. O ní ohun funfun kan wà lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì. O tún ní àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ sọ pé òtútù ló fà á, kí o gbé e pamọ́ di oṣù Kẹrin. Èmi kò bá wọn gbà á. Omi ló ń bá ẹ jà; òtútù kàn ń ṣílẹ̀kùn fún un ni. Ọyẹ́ ilé gbẹ ní tiẹ̀, eruku ló ń gbé wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọn fítà afẹ́fẹ́ lóòrèkóòrè níbí, tí omi inú bátìrì sì ń gbẹ. Òtútù ọ̀dọ̀ yín ní ọ̀rinrin nínú. Bí o bá fi ọgbọ́n ọyẹ́ tọ́jú ẹ̀rọ níbẹ̀, ibi tí kò dùn ún lo ó máa fi oògùn pa.

Ohun funfun yẹn ni ká kọ́kọ́ sọ, torí òun ló bà ẹ́ lẹ́rù jù. Ṣí ìdérí ọ́ìlì, fi ìka kàn án. Bó bá rí bí ẹ̀kọ tí wọ́n bu mílíìkì sí, tó nípọn, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, omi àti ọ́ìlì ló pò pọ̀. Bí bẹntiróò bá jóná, omi wà lára ohun tí iná náà ń bí. Díẹ̀ nínú èéfín omi yìí máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìnnì bọ́ sínú ilé ọ́ìlì. Bí ìrìn bá jìn, ọ́ìlì á gbóná dáadáa, omi á tún padà di èéfín, á sì bá rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí jáde. Ṣùgbọ́n o ní ìrìn tìrẹ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Kí ọ́ìlì tó gbóná, o ti dé, o ti pa á. Èéfín á wá ṣe omi sára irin tútù, bó ṣe ń sẹ̀ sábẹ́ ọmọrí ìkòkò. Lọ́jọ́ kejì, o tún bu sí i.

Bó bá mọ sí abẹ́ ìdérí, tí ọ́ìlì orí ọ̀pá ìwọ̀n ṣì dúdú tàbí tó ṣì pọ́n, má fòyà, nù ún kúrò. Bí ọ́ìlì orí ọ̀pá náà bá ti funfun, dà á nù lónìí. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì tìrẹ lára, nítorí náà kò sí pé omi ráńdíétọ̀ ló ń jò sí i. Ẹni tó ní èyí tó ń lo omi, tí omi rẹ̀ sì ń dín, gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni kó lọ yẹ̀ wò. Fẹ́sípà àwọn tíṣà àti kátíkíìsì àtijọ́ ò tiẹ̀ mọ wàhálà yìí rárá: inú bẹntiróò ni wọ́n ń po ọ́ìlì tiwọn mọ́, ó ń jóná lọ pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ilé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí omi yẹn á sá pamọ́ sí.

Oògùn rẹ̀ kò le. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, gùn ún jáde fún bí ìṣẹ́jú 25 sí 30, kí o sì jẹ́ kó sáré dáadáa. Má ṣe tan án sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí o ní o ń mú un gbóná. Ìdúró lójú kan kì í mú ọ́ìlì gbóná tó, ṣe ni wàá tún fi omi àti bẹntiróò tí kò jóná kún un. Bí ìwé rẹ̀ bá ní kí o máa yí ọ́ìlì ní 3,000 kìlómítà, yí i ní 1,500 lásìkò yìí. Má sì ra 20W-50 tí a ń dà síbí. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nínú òtútù. Bó bá ṣe kéré sí ló ṣe ń yára ṣàn sí. Lówùúrọ̀ ọ̀dọ̀ yín, 20W-50 á dà bí oyin. Wo ìwé rẹ̀ bó bá gba 10W-40 tàbí 5W-40. Kílọ́ọ̀ṣì fẹ́sípà tí kò ní jíà kì í wẹ̀ nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bíi ti ọ̀kadà, nítorí náà èyí tí wọ́n kọ JASO MB (àmì ìwọ̀n ọ́ìlì alùpùpù) sí lára náà dára fún un. Kò dìgbà tí o bá rí MA, tó wà fún kílọ́ọ̀ṣì tó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì.

Ó ku tí-tí-tí. Bátìrì ni, àfi bí okùn rẹ̀ bá tú tàbí tó dípẹtà. Yá mítà lọ́wọ́ ẹnìkan. Jẹ́ kí fẹ́sípà sinmi di ọjọ́ kejì, kí o tó wọ̀n ọ́n. Bó bá sọ fóòltì 12.7, bátìrì kún. 12.4, ó ti dín tó ìdá kan nínú mẹ́rin. 12.2 wá sílẹ̀, ìdajì ló kù, òtútù á sì fi ṣẹ̀sín. Tẹ sítátà kí o máa wo mítà náà: bó bá já wálẹ̀ ju 9.6 lọ, bátìrì náà ti ń kú. Lẹ́yìn tó bá ti jí, fún un níná díẹ̀ (ìyẹn ni pé kí o yí ọwọ́ tó ń mú un sáré), ó yẹ kó gun 13.8 sí 14.5. Bí kò bá gùn, má tíì ra bátìrì tuntun, torí ẹ̀rọ tó yẹ kó máa bọ́ ọ ni kò ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nínú òtútù líle, ní nǹkan bíi -18°C, bí ìdajì agbára bátìrì oníléèdì ló máa ń kù, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ọ́ìlì tó ki ń béèrè agbára púpọ̀ sí i lọ́wọ́ sítátà. Leeds kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kò sì tó láti dá ohun tí sítátà kó padà, pàápàá bí iná iwájú bá wà ní títàn, tí ọwọ́ fẹ́sípà tó ń móoru tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà náà tún ń jẹ bíi 30 tàbí 40 wáàtì. Ra ṣájà kékeré tó mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Tú okùn dúdú kọ́kọ́, kí o tó tú pupa. Bí o bá ń dá a padà, dúdú ni kó kẹ́yìn. Gbé bátìrì wọlé lálẹ́ Jímọ́ọ̀, kó sùn lórí ṣájà. Èyí tó kún kì í dì ní ìlú yín, ṣùgbọ́n èyí tó ti gbẹ lè dì ní nǹkan bíi -8°C, ara rẹ̀ á wú. Má fi ṣájà kan èyí tó bá dì.

Bó bá ní kìkì, fi kìkì ta á bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin láìtíì ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ọ́ìlì lè tú lára, kí o tó tẹ sítátà. Má tẹ̀ ẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan, kí o sì fún un ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú sinmi. Jọ̀ọ́, má fún un níná rárá bí o bá ń jí i. Mo mọ̀ pé ọwọ́ wa nílé kò gbọ́ ìyẹn. Ṣóòkù tìrẹ ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀: bó bá tutù, ojú ihò kékeré kan ń ṣí sílẹ̀ tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní bẹntiróò ẹ̀kún, bí iná mànàmáná bá ti dé ibẹ̀, ohun kan nínú rẹ̀ á gbóná, á wú, á ti abẹ́rẹ́ kan síwájú láti dí ihò náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Fífà tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló ń gbé bẹntiróò ẹ̀kún yẹn wá, bí o bá sì yí ọwọ́ iná, fífà náà á dẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ṣóòkù ṣì ń ṣiṣẹ́, tú u kúrò lára kabúrétọ̀ (ibi tí bẹntiróò àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀), fi bátìrì 12V kàn án fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ rọra yọ síwájú, kí ara rẹ̀ sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí kò bá yọ, òun ló ń jẹ́ kó máa rùn bẹntiróò, tó ń sọ plọ́ọ̀gì di dúdú. Àyè ẹnu plọ́ọ̀gì yẹ kó jẹ́ 0.6 sí 0.7 mílímítà. Sọ fún mẹkáníìkì kó wọn àyè fáàfù (àwọn ìlẹ̀kùn kékeré inú ẹ́ńjìnnì) náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Fáàfù tó bá ti há jù, àárọ̀ òtútù ló ti máa ń kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ hàn.

Ìṣòro kan wà tí yóò mú ẹ rò pé wọ́n ń fi ọ́ ṣe ẹ̀fẹ̀. Wàá máa lọ ní kùrukùru, òtútù kò tilẹ̀ le, bíi 5°C, fẹ́sípà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, á kú. Wàá dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, á jí, bí ẹni pé kò sí nǹkan. Mẹkáníìkì á tú u palẹ̀, kò ní rí nǹkan kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bẹntiróò tó ń fẹ́ lọ nínú kabúrétọ̀ máa ń mú ọ̀fun rẹ̀ tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì dì síbẹ̀, á fún un lọ́rùn. Bí o bá dúró, ooru ẹ́ńjìnnì á yọ́ ọ, ẹ̀rí ti sọnù nìyẹn. Rí i pé gbogbo páálí àti rọ́bà tó yẹ kó bo ibẹ̀ wà ní ipò. Oògùn inú bẹntiróò tí wọ́n ń tà fún un wà, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Bẹntiróò lásán ní Bìrìtéènì ti di E10, tí ọtí inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, láti oṣù Kẹsàn-án 2021. Ọtí inú rẹ̀ ń fa omi mọ́ra. Bí fẹ́sípà bá máa dúró pẹ́, ra E5, tí ọtí inú rẹ̀ kéré sí i, kí o sì kún táǹkì dé ẹnu, kí àyè má sí fún omi láti sẹ̀ sí.

Ní àràárọ̀, kí o tó jáde, yí ọwọ́ iná dé òpin, kí o fi í sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fò padà, kó dún tà. Bí omi bá wọ inú kébù (okùn irin tó ń fà á) tó sì dì, iná á há sí ṣíṣí, kò sì sí ìgbádùn nínú ìyẹn ní oríta. Bíréèkì ẹ̀yìn tó ń fi kébù ṣiṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Da ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí wọn láti òkè títí yóò fi kán nísàlẹ̀. Bí ojú kọ́kọ́rọ́ bá dì, má bu omi gbígbóná lé e. Ìyẹn náà á dì síbẹ̀.

Ní ti táyà, rọ́bà lásán bẹ̀rẹ̀ sí í le láti nǹkan bíi 7°C wá sílẹ̀, kì í tún di ilẹ̀ mú dáadáa. Táyà òtútù wà fún fẹ́sípà, mo sì rò pé ó yẹ kí o ra méjèèjì kí o tó ra jákẹ́ẹ̀tì tí o fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Òfin ibẹ̀ gbà pé kí ojú táyà fẹ́sípà 125cc jìn ní mílímítà 1 lórí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fífẹ̀ rẹ̀. Èmi ò ní dúró dé ibẹ̀. Bó bá ti di 2, pààrọ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ náà ń dín, bíi psi 1 fún 6°C kọ̀ọ̀kan tí òtútù bá fi lé sí i, nítorí náà láàárọ̀ ni kí o fi géèjì wò ó, kó tó rìn.

Omi dídì ojú ọ̀nà kì í kéde ara rẹ̀. Ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ọ̀dà títì lo máa rí lábẹ́ rẹ̀, wàá rò pé ilẹ̀ kàn rin ni. Orí afárá ló ti ń kọ́kọ́ dì, torí òtútù ń mú un lókè, ó ń mú un nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, abẹ́ igi àti ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn kì í dé. Rántí bí ibi tí dísù tírélà bá dà sí lójú òjò ṣe máa ń rí lọ́nà Gbọ̀ngán. Omi dídì burú jù ú lọ. Bó bá ti ká ẹ mọ́ ibẹ̀, má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú, má dá ọwọ́ iná padà lójijì, má tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Jókòó gbọnrangandan, kó fà ẹ́ kọjá. Ìwé òfin ìrìnnà wọn fúnra rẹ̀ sọ pé lórí omi dídì, ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí lè jìnnà ní ìlọ́po mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ilẹ̀ yóò dì, wọ bọ́ọ̀sì, ó jàre.

Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sílẹ̀ nítorí ẹ̀ máa ń jẹ irin. Bí o bá dé lálẹ́, tí kò bá tíì dì, fi omi lásán ṣàn án, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi, kó má lọ ti omi sínú béárìnnì. Nù ún gbẹ. Fọ́n ọ́ìlì sí àwọn bóòtù àti abẹ́ rẹ̀, má jẹ́ kó kan díìsìkì bíréèkì tàbí táyà. Má fi tapólì tí kò lè mí bò ó nígbà tó ṣì gbóná. Ìkòkò àti ọmọrí náà la tún padà sí yẹn.

Ara tìrẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní 5°C, tí o bá ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí, bíi -1 ló máa ṣe ara rẹ. Ní 0, bíi -8. Afẹ́fẹ́ ni kí o dí. Àpò tí wọ́n ń fi bo ọwọ́ fẹ́sípà méjèèjì dára ju ìbọ̀wọ́ tó nípọn lọ, torí ìka rẹ á ṣì mọ bíréèkì lára. Ra aṣọ ìbora tí wọ́n ń so mọ́ iwájú fún itan àti orúnkún. Síńgílẹ́ẹ̀tì kọ́tìn á mu òógùn, á sì mú kí o máa gbọ̀n, wọ woolu. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọ́n, ìwé ìròyìn méjì lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì níwájú àyà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Nọ́ńbà mẹ́ta ni mo ń retí: ohun tí mítà sọ kí o tó jí i, ohun tó sọ nígbà tí o tẹ sítátà, àti ohun tó sọ nígbà tí o fún un níná. Ya fọ́tò ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì náà mọ́ ọn, lẹ́yìn tí o bá ti fi ìṣẹ́jú 30 gùn ún. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ, Gbádébọ̀.