Ìrókò wa àti páìnì orí òkè

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Páìnì tí àwọn èèyàn gbìn síwájú ilé fún ẹwà ní Òṣogbo nìkan ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, whitebark pine, ò kúrò lọ́kàn mi. Orí òkè olótùútù ló ń gbé. Ó tó ọdún 20 sí 30 kó tó so, èso rẹ̀ á sì lo ọdún 2 kó tó gbó. Èso náà kì í là fúnra rẹ̀. Ẹyẹ kan, Clark's nutcracker, ló ń ṣá a, tó ń ri hóró rẹ̀ mọ́lẹ̀ de ọjọ́ ebi; èyí tó bá gbàgbé ló ń hù. Ní báyìí tí òtútù ò mú tó ti tẹ́lẹ̀, kòkòrò tí òtútù ń pa ń yè, ó sì ń run àwọn igi àgbà, àwọn tó ń so gan-an. Àrùn kan tún wà pẹ̀lú. Bí èso bá wọ́n, ẹyẹ á ṣí lọ. Ta ni yóò wá gbìn? Ní 2022 ni ìjọba ibẹ̀ kà á mọ́ igi tó wà nínú ewu.

Ìrókò tiwa ní igi akọ àti igi abo, àdán ló sì ń gbé hóró rẹ̀ kiri. (Àdán tí à ń yìnbọn pa jẹ!) Ọdọọdún lẹ ń ya àwòrán Arugbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, kó wò ó bóyá ọmọ ìrókò ń hù lábẹ́ àwọn àgbà.

Òǹkàwé yín,
Òkè-Fíà, Òṣogbo