Lẹ́tà sí Màmá Ìjẹ̀bú nípa ìjọ tí mò ń lọ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin Màmá Ìjẹ̀bú,

Mo kí yín, mà, mo sì kí gbogbo ará ilé. Ẹ bi mí lórí fóònù pé irú ṣọ́ọ̀ṣì wo ni mò ń lọ tí wọ́n fi ń sọ fún yín pé kò sí ẹni tí wọn kì í gbà níbẹ̀. Orí fóònù kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé.

St Martin-in-the-Fields ni orúkọ rẹ̀, ó wà létí Trafalgar Square. Áńgílíkà ni wá bíi tiyín. Ní ọdún 1914, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Dick Sheppard di fíkà, ìyẹn àlùfáà tí ń darí ìjọ, níbẹ̀, ó sì ṣí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun tí ń lọ sí ilẹ̀ Faransé, àti àwọn tí ń ti ibẹ̀ bọ̀, lè ríbi sinmi. Láti ìgbà náà ni a ti mọ ìjọ yìí mọ́ àwọn aláìnílé. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan náà ti di ilé oúnjẹ báyìí, owó kọfí àwọn arìnrìn-àjò sì ń ṣe lára ohun tí owó ìkórè ń ṣe lọ́dọ̀ yín. Ní oṣù Kọkànlá ọdọọdún, a máa ń ṣe ìsìn ìrántí fún àwọn tí wọ́n kú láìnílé ní ìlú yìí, a ó sì ka orúkọ wọn, kí wọ́n má baà dà bí ẹni tí kò lẹ́nìkan.

Àmọ́ ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Àwọn tí wọ́n sá wá sí ilẹ̀ yìí, tí ìjọba kò tíì fún ní ìwé ìgbélùú, máa ń wá jẹun, wọ́n máa ń wẹ̀, wọ́n sì máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ gba kànrìnkàn lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ń fọ abọ́, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní kí n lọ jókòó. Òfin kì í sábà jẹ́ kí irú wọn ṣiṣẹ́ gbowó níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n bá sì dé, kí wọ́n na ọwọ́ gbà ni a ń fẹ́. Sam Wells, tí ó di fíkà ní ọdún 2012, máa ń tẹnu mọ́ ọn pé wíwà pẹ̀lú ènìyàn ṣáájú kí á máa ṣe nǹkan fún un, ibi ìfọbọ́ yẹn ni ó sì ti yé mi. Bákan náà ni ìpàdé ọdọọdún tí a ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ àwọn abirùn: àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń pète rẹ̀, àwọn ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe èyí ni ẹ fẹ́ gbọ́ gan-an. Òótọ́ ni, mà, àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin àti àwọn obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin wà láàárín wa, a kì í sì ní kí wọ́n jókòó sẹ́yìn. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà kí àlùfáà gbàdúrà fún irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ láàárín ìsìn, bí kò tilẹ̀ so wọ́n pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Áńgílíkà ilẹ̀ Nàìjíríà kọ̀ ọ́ pátápátá, ẹ̀yin náà sì wà lẹ́yìn wọn. N kò kọ̀wé láti bá yín jiyàn. Ohun tí mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé nígbà tí mo ń ṣàìsàn, méjì lára àwọn tí a ń sọ yìí ni wọ́n gbé ọbẹ̀ wá sílé mi, wọ́n sì dúró títí mo fi jẹun tán.

Bí ẹ bá dé ní oṣù Kẹjọ, a ó jọ lọ. Ó ṣeé ṣe kí àlùfáà obìnrin ni yóò fi Ara Olúwa lé yín lọ́wọ́; mo ń sọ fún yín ṣáájú, kí ẹ má baà fa ọwọ́ yín sẹ́yìn níwájú pẹpẹ.

Èmi ni,
Ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù