Lẹ́tà sí Àkànní tó wà lórí omi

Pópó Àgùdà, Èkó.
Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kejì nínú Lẹ́ńtì.

Àkànní ọmọ mi,

Ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mi ò tíì dáhùn rẹ̀ tí nẹ́tíwọ̀kì yín fi já. O ní, "Bàbá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo máa ń lò níbi iṣẹ́ lórí omi. Kò sí Mísà, kò sí Fáda, kò sẹ́ni tá a jọ ń gbàdúrà. Tí mo bá wá délé, oorun ni. Àfi bí ẹni pé ìgbàgbọ́ mi ń gbẹ." Mo ní "ẹn-ẹ́n," mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àṣé fóònù tó ti kú ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Màmá rẹ ní kí n sọ ọ́ sórí WhatsApp kí n fi ránṣẹ́. Èmi ò lè máa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sínú fóònù bí ẹni ń polówó àgúnmu. Mo jókòó sídìí maṣíìnì, ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn kásítọ́mà ni mo ya. Tí o bá rí "àyà 42, ọwọ́ 25" lẹ́yìn rẹ̀, má wò ó. Ti alága ẹgbẹ́ kan ni, kò tíì sanwó.

Ọ̀rọ̀ pé kò sí Fáda lọ́dọ̀ yín, kò ti orí rẹ bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò tí a bí ọ sí yìí, àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ẹrú tó gba òmìnira àti àwọn ọmọ wọn, tó ti Bràsíl àti Kúbà padà wálé ló kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, kò sí Fáda kankan ní Èkó. Ẹni tó ń kó wọn jọ ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, ẹrú tó ti gba òmìnira, tó wá láti São Tomé. Ẹnikẹ́ni kò fi í jẹ àlùfáà rí. Òun ló ń ṣáájú wọn nínú àdúrà, òun ló ń ṣèrìbọmi fún àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí Fáda Borghero gúnlẹ̀ sí Èkó ní 1863, àwọn onígbàgbọ́ ló bá nílẹ̀. Ó di 1868 kí Fáda tí yóò máa gbé láàrin wọn tó dé. Ká ní àwọn ọkùnrin ìgbà náà káwọ́ gbera pé kò kúkú sí Mísà, kí ni Fáda ì bá bá?

Ìyá ìyá mi tó jẹ́ ọmọ Àgùdà kì í fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yangàn, kì í sì í fi frejon ọjọ́ Ẹtì Rere yangàn. (Ó fẹ́ràn frejon o. Tó bá ti ń jẹ ẹ̀wà olómi àgbọn yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀.) Ohun tó máa ń sọ ni pé, tí o bá fẹ́ mọ Àgùdà tòótọ́, kí o wo eékún rẹ̀: ó máa ń dúdú.

Eékún tèmi mọ́ tónítóní fún ọdún púpọ̀.

O kò lè rántí, nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà náà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ní páríṣì wa. Aṣọ ẹgbẹ́ mẹ́ta ni mo ní, èmi náà ni mo sì rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ń ṣèpàdé ìkórè, a ń ṣèpàdé ìmúra ìkórè, a ń ṣèpàdé láti yẹ ìṣirò ìkórè wò. Bí mo bá délé, ariwo. Oúnjẹ tutù, ariwo. Ẹnì kan gbé síṣọ́ọ̀sì mi, ariwo. Màmá rẹ ló ń kó yín jọ fún rósárì lálẹ́, èmi á wà níta. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ti ìpàdé dé, NEPA ti mú iná lọ. Mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà kí n má baà kọsẹ̀, mo ń rìn bọ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn yín nínú yàrá. Ìwọ ló kàn láti ṣáájú mẹ́wàá kejì. Màmá rẹ bi ọ́ pé ta lo fẹ́ fi tìrẹ gbàdúrà fún. O ní, "Fún Bàbá, kí wọ́n má pariwo tí wọ́n bá dé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. O bẹ̀rẹ̀ "Mo kí ọ Màríà," àwọn yòókù ń gbè é. Bàtà wà lọ́wọ́ mi. Mi ò lè wọlé, mi ò lè jáde. Mo dúró títí ẹ fi ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán, lẹ́yìn náà ni mo rọra padà síta, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn títí ẹ fi sùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ náà. Màmá rẹ á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lónìí ni, nítorí mo mọ̀ pé yóò ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn yìí kì í ṣe olùkọ́ kátíkísìmù. Ohun tí mo dán wò lára mi nìkan ni mo mọ̀.

Òwúrọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní àdúrà gígùn kankan lẹ́nu; ojú tì mí láti bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Mo kàn ṣe àmì àgbélébùú lórí ibùsùn, mo ní "Olúwa, mo ti jí," mo dìde. Ó tó oṣù kan tí mo fi ṣe ìyẹn nìkan. Ìwọ náà, kó o ṣe é kí ọwọ́ rẹ tó kan fóònù. Fóònù yẹn ni kó o kọ́kọ́ bá jà, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ló máa ń ni etí rẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo fẹ́ràn Jósẹ́fù Mímọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ò gbọ́ gbólóhùn kan láti ẹnu rẹ̀. Mátíù kàn sọ pé ó jí lójú oorun, ó sì ṣe ohun tí áńgẹ́lì Olúwa ní kó ṣe.

Ní ti rósárì, o sọ fún mi nígbà kan pé wọn kì í jẹ́ kí ẹ mú fóònù dé ibi tí gáàsì wà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìka mẹ́wàá lo ní, Mo kí ọ Màríà mẹ́wàá ló sì wà nínú ìpín kan. Ka ìpín kan bí o ṣe ń rìn lọ síbi iṣẹ́, ka òmíràn tí o bá ń tò fún oúnjẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, márùn-ún á pé. Ohun ìjìnlẹ̀ tí à ń ṣàṣàrò lé lórí bí a ṣe ń kà á máa ń yí padà: ti Ayọ̀ ni ọjọ́ Ajé àti Àbámẹ́ta, ti Ìrora ni Ìṣẹ́gun àti Ẹtì, ti Ògo ni Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ìsinmi. Ti Ìmọ́lẹ̀, tí Póòpù John Paul Kejì fi kún un ní 2002, ni Ọjọ́bọ̀. Èmi tí mo ti mọ mẹ́ta láti kékeré, ó pẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ yẹn tó mọ́ mi lára. Ọkàn rẹ á máa rìn. Tèmi sábà máa ń rìn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó jẹ mí lówó. Mo ti yéé bá a jà. Orúkọ onígbèsè náà ni mo máa ń fi sínú Mo kí ọ Màríà tó bá kàn. Alága tí mo sọ níṣàájú ti gba àdúrà lọ́wọ́ mi ju owó tó jẹ mí lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́? Ìjọ kò di ẹrù tí o ò lè gbé lé ọ lórí. Ẹni tí ìdí pàtàkì kò jẹ́ kó lè dé ibi Mísà, kò dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin Ìjọ kò fi í sílẹ̀ lọ sùn. Ó rọ̀ ọ́ pé kó ya àkókò sọ́tọ̀ láti gbàdúrà, ní òun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Kí hẹlikópítà tó gbé yín, wá gbogbo ìwé kíkà ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí fóònù rẹ. Tó bá di aago mẹ́sàn-án tí ìyàwó wa wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó o ka ohun tí wọ́n ń kà sí i létí gan-an. Tó bá dalẹ́, pè é, kó o bi í pé kí ni Fáda wàásù lé lórí. Kì í ṣe láti dán an wò o! Mísà orí tẹlifíṣọ̀n náà dára, àmọ́ ẹni tó ń wo oúnjẹ kò tíì jẹun. Tí o bá ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ọjọ́ Ìsinmi tó bá kọ́kọ́ bá ọ nílé, oorun kọ́ ni, Mísà ni.

Alẹ́ ló wá ṣòro fún mi jù, alẹ́ náà ló sì tún mi ṣe jù. Ignatius Mímọ́, tó jẹ́ ológun kí ìbọn ńlá tó fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní Pamplona ní 1521, kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n máa yẹ ọjọ́ wọn wò níwájú Ọlọ́run: kí wọ́n dúpẹ́, kí wọ́n wá ibi tí wọ́n ti ṣìnà, kí wọ́n tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì múra ọ̀la. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Inú bíbí ni mo rò pé mo máa bá níbẹ̀. Irọ́ ni mo bá. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ télọ̀. "Ẹ máa bọ̀ lọ́la, ó ku bọ́tìnnì nìkan," bẹ́ẹ̀ mi ò tíì gé aṣọ. "Ọmọọṣẹ́ mi ló ṣàìsàn," bẹ́ẹ̀ ọmọọṣẹ́ wà lẹ́yìn ilé tó ń jẹ dòdò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà kan fún irọ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn ìwé ìwọ̀n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìlà 11. Mo rò pé mo ṣì í kà.

Mo gbé e lọ síbi ìjẹ́wọ́. Fáda ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó?" Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n yọ ìwé. Mo gbọ́ tí wọ́n pa ẹ̀rín mọ́ra lẹ́yìn àwọ̀n. Ohun tí wọ́n ní kí n lọ ṣe ni pé, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, òtítọ́ ni kí n máa sọ fún gbogbo kásítọ́mà. Ó le ju ààwẹ̀ lọ. Èèyàn mẹ́ta gba aṣọ wọn. Ọ̀kan kò padà wá títí di òní, ó sì máa ń rán agbádá gan-an. Ìjọ ní kí á jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán. Ìwọ má dúró di ọdún. Gbogbo ìgbà tí o bá ti orí omi dé, kí ẹsẹ̀ rẹ kọ́kọ́ yà síbẹ̀.

Ààwẹ̀ kò ní gbà mí lákòókò. Ọjọ́rú Eérú àti ọjọ́ Ẹtì Rere ni Ìjọ fi lé ẹni ọdún 18 sí 59 lọ́wọ́. O máa ń gun irin. Má fi ebi pa ara rẹ kó o wá já bọ́ sínú òkun. Fi mínírà tí o ń mu lójoojúmọ́ sílẹ̀, kó o fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní.

O ní kò sẹ́ni tẹ́ ẹ jọ ń gbàdúrà. Ṣé o ti wá a? Ìwọ lo sọ fún mi pé kúùkù yín kan máa ń ṣe àmì àgbélébùú kó tó jẹun. Lọ bá a. Bí ẹ bá ti di méjì, Jésù ti ní òun wà níbẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù. Má fi àdúrà ilé sílẹ̀ fún ìyàwó wa nìkan bí mo ṣe fi í sílẹ̀ fún màmá rẹ. Pè wọ́n láago méje, kí ẹ jọ ka ìpín kan, kí ọmọ náà gbọ́ ohùn rẹ níbẹ̀. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá já, máa kà á lọ. Àwọn náà á máa kà á lọ.

Ìyàwó wa gbé rósárì rẹ wá, èyí tó já nínú àpò sòkòtò rẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ 59 ló yẹ kó wà lára rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 58 ni. A tú abẹ́ maṣíìnì, a gbálẹ̀, a ò rí i. Òwú tí mo fi ń rán bọ́tìnnì kóòtù ni mo fi sín in, ìyẹn kò ní já. Àyè èyí tó sọnù, mo fi bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan dí i, nínú mẹ́wàá kejì. Pẹlẹbẹ ni, ìka rẹ á mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn.

Arábìnrin kan tó ń gbé nítòsí yín ń bọ̀ wá gba aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, òun ni mo máa fi rósárì náà àti lẹ́tà yìí rán. Mo ti sọ fún un pé kó máa bọ̀, ó ku bọ́tìnnì nìkan. Lọ́tẹ̀ yìí, lóòótọ́ ni.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.