Lẹ́tà sí bùrọ̀dá mi tó lọ Liberia

Bùrọ̀dá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbọ́ fóìsì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, tẹ́ ẹ ní Nàìjíríà ti di ojo láàárín àwọn aládùúgbò ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi látàárọ̀ tí mo ti wà ní Ìdúmọ̀tà níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n fèsì.

Ẹ̀yin lẹ bá ECOMOG, àwọn ọmọ ogun tí ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kó jọ, wọ Liberia lọ́dún 1990, mi ò lè bá yín jiyàn lórí nǹkan tójú yín rí. Ṣùgbọ́n ayé ìgbà yẹn yàtọ̀. Soviet ti ń tú ká lọ, Amẹ́ríkà ò ráyè ti Liberia, ta ló tún kù tí wọ́n fẹ́ sá bá bí kì í bá ṣe àwa?

Ẹ wá wo 2023. Àwọn sójà gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Bazoum ní Niger lọ́jọ́ 26 oṣù Júláì, ECOWAS tí Ààrẹ wa jẹ́ alága ẹ̀ nígbà náà fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n dá ìjọba padà, pé àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn lè lo agbára, a ti bọ́dà pa, a tún gé iná tá à ń tà fún wọn. Mali àti Burkina Faso ní ẹni tó bá gbógun ti Niger ti gbógun ti àwọn náà, àwọn sẹ́nétọ̀ tiwa gan-an ò fara mọ́ ogun, nígbà tó fi máa di Épírílì 2024 àwọn ológun Rọ́ṣíà ti balẹ̀ sí Niamey, olú ìlú Niger. Èmi tí mò ń tajà mọ̀ ọ́n, oníbàárà tó bá ti rí ìsọ̀ míì, wọn kì í pariwo mọ́ ọn. Jánúárì 2025 làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ẹ̀ ní Èkó wa yìí lọ́dún 1975! Ó dùn mí gan-an. Mẹ̀kúnnù ló jìyà bọ́dà yẹn, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, àwọn tó gbàjọba ò kúrò lórí àga.

Àmọ́ ti Bẹ̀nẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ 7 Dìsẹ́ḿbà 2025, àwọn sójà kan bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ti gbàjọba, ìjọba Ààrẹ Talon ránṣẹ́ sí Abuja, bàálù ogun wa gbéra, ìdìtẹ̀ yẹn ò sì yọrí. Àwọn ológun ibẹ̀ náà dúró ti ìjọba wọn o, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé wọ́n pè wá ni.

Agbára ṣì wà lọ́wọ́ wa, bùrọ̀dá mi. Ká ṣe é kí wọ́n máa fẹ́ pè wá ló kù. Nígbà tí Tuggar, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wa nígbà náà, lọ Niamey ní Épírílì 2025, inú mi dùn, irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kó pọ̀ sí i. Ẹ bá mi sọ ọ́ fáwọn tẹ́ ẹ jọ wà nínú iṣẹ́ ológun, àwọn tí wọ́n ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu.

Èmi àbúrò yín.